Láti Orí Gìrì dé Inú Ọpọlọ: Ìtàn Òye Àrùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Aboyún ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

1. Ìfáàrà

Nínú gbogbo ikú tí ó ń pa aboyún, ọ̀kan wà tí ó ń bá àwọn ará ilé lójijì ju àwọn yòókù lọ. Obìnrin tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, tí kò dùbúlẹ̀ àìsàn, yóò kàn sọ pé orí ń fọ́ òun, pé ojú òun sì ń ṣú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì ti mú un. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pe gìrì yìí ní eclampsia. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni kíkọ mànà, bí ìgbà tí mànàmáná bá bù yẹ̀rì lójú sánmà.

Orúkọ yìí bá ohun tí ojú rí mu, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí mànàmáná kì í kọ láìjẹ́ pé òjò ti ń ṣú bọ̀. Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn òye àrùn yìí jẹ́ ìtàn bí ojú ènìyàn ṣe ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: láti orí gìrì sí orí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ru kí gìrì tó dé, láti orí ẹ̀jẹ̀ ríru sí inú ibi ọmọ, àti láti inú ibi ọmọ sí inú ọpọlọ ìyá, níbi tí àwọn olùwádìí kan ti rí àmì rẹ̀ nígbà tí oyún kò ì tí ì pé oṣù méjì. Bí ojú ṣe ń padà sẹ́yìn ni àkókò tí ó yẹ kí a rí aboyún ń yá sí i. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àṣà kò gbà kí obìnrin kéde oyún títí oyún yóò fi kéde ara rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin ìgbà méjèèjì yìí ni ó jẹ pépà yìí lógún.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2020 ni pé ní Nàìjíríà, nínú ọmọ 100,000 tí a bí láàyè, ìyá tí ó kú nípa oyún tàbí ìkúnlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,047. Ní gbogbo àgbáyé, àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń fa nǹkan bí ikú kan nínú méje nínú irú ikú bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí a fi mú ìlú méjì yìí pọ̀ ni pé wọ́n sún mọ́ ara wọn, ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn kò ju nǹkan bí kìlómítà 50 lọ, ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àṣà wọn nípa oyún àti ìkúnlẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní oníṣègùn òyìnbó láti ọdún 1907, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni Ọ̀yọ́ ń wò fún ìtọ́jú tí ó bá le.

2. Ìṣòro Orúkọ àti Ohun tí Ojú Rí

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àrùn yìí yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro orúkọ pàdé. Kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí àwọn baba ńlá wa fi pe gbogbo àmì rẹ̀ pọ̀. Gìrì ni wọ́n ń pe èyí tí ó ń gbé ọmọ kékeré tí ibà bá mú. Wárápá ni wọ́n ń pe èyí tí ó ń gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀ léraléra. Gìrì aboyún bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Ní ti ẹsẹ̀ àti ojú tí ó ń wú, ọ̀tọ̀ ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. Àwọn ìyá àgbà a máa sọ pé ìbejì ni aboyún náà gbé, tàbí pé ọkùnrin ni yóò bí. Báyìí ni ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìkìlọ̀ ṣe di ìròyìn ayọ̀. Orí fífọ́ ní tirẹ̀ di àárẹ̀ iṣẹ́ àti oòrùn. Àmì mẹ́ta tí ó jẹ́ ti àrùn kan ṣoṣo ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ lójú ẹni tí ó ń wò wọ́n.

Ìṣòro kejì ni ti ẹ̀rí. Òkú aboyún kì í ṣe òkú tí wọ́n ń sin bẹ́ẹ̀ lásán láyé àtijọ́. Òkú ọ̀ràn ni. Ètùtù wà fún un, àwọn awo ni wọ́n ń pè sí i, ẹbí ọkọ a sì máa náwó nára. Nítorí náà, ikú náà kò ṣe é gbàgbé ní agboolé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rántí ni ẹ̀rù àti ètùtù. Wọn kì í rántí bóyá ẹ̀jẹ̀ ni ó ya lára obìnrin náà tàbí gìrì ni ó gbé e. Òpìtàn tí ó bá béèrè ohun tí ó pa á yóò gbọ́ pé ọwọ́ ayé ni. Kò yẹ kí òpìtàn fi ìdáhùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ikú tí kò fi àmì kan hàn tí ojú lè mọ̀, tí ó sì dé lójijì, irú ìtumọ̀ wo ni à bá fún un ju èyí lọ?

Ìtọ́jú tẹ̀lé orúkọ. Àgbo gìrì tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa ni èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, pẹ̀lú ewé tábà, ewé ẹ̀fínrín, ààyù àti iyọ̀. Ọmọdé tí gìrì mú ni wọ́n sábà máa ń fún, wọn a sì tún máa ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná nígbà mìíràn kí ó lè ta jí. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí sí àgbo yìí láàrin ọdún 1960 sí 1980, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ń dí ènìyàn lọ́wọ́ mímí. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé gìrì ni orúkọ àrùn aboyún yìí pẹ̀lú, kò ṣòro láti rí bí orúkọ kan náà ṣe lè pe òògùn kan náà wá.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, yóò jẹ́ àṣìṣe láti sọ pé kò sí ìtọ́jú ṣáájú àìsàn lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí wa. Àsèjẹ wà, ìwẹ̀ wà, àgbo wà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Aboyún kò gbọdọ̀ rìn lọ́sàn-án gangan. Bí ó bá di dandan, yóò fi abẹ́rẹ́ tàbí òkúta há aṣọ rẹ̀. Ohun tí èèwọ̀ yìí ń sọ ni pé ewu a máa dé bá oyún nígbà tí ara ìyá ṣì le, àti pé kí ewu tó dé ni a ti ń dènà rẹ̀. Èrò yìí ṣe pàtàkì, a ó sì tún padà sí i.

3. Ẹ̀rọ tí ó ń Wọn Ẹ̀jẹ̀

Àmì àkọ́kọ́ tí ó so gìrì mọ́ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ jáde ní ìlú London ní ọdún 1843. John Lever, oníṣègùn ní Guy's Hospital, gbé ìtọ̀ àwọn aboyún tí gìrì mú ka iná, ó sì rí i pé ó ń dì bí funfun ẹyin. Amúaradàgbà tí kò yẹ kí ó gba inú kíndìnrín kọjá ni ó ti jò sínú ìtọ̀. Ọdún méjìlá lẹ́yìn èyí, ní 1855, ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bíbélì àti ilé ìwé ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé. Iṣẹ́ ìṣègùn kò tí ì bá wọn wá.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ti ẹ̀rọ. Ní 1896, Scipione Riva-Rocci ní Ítálì ṣe ẹ̀rọ tí ó ní àpò rọ́bà tí a ń dì mọ́ apá, tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ sì ń fi agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan hàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Vaquez àti Nobécourt ní Paris kéde pé agbára ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún tí gìrì mú ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1905, Korotkoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi hàn bí a ṣe lè fi ohun èlò ìgbọ́yà gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń tú àpò náà sílẹ̀. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì tí ó bá ń fi etí gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ ṣì ń gbà títí di òní. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1907, ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tí ó di ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi. Ọsibítù yìí ni ó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ní ọdún 2009.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí mú wá ju nọ́ńbà lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe láti sọ fún obìnrin tí kò mọ ohun kan lára pé ewu wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í sì í yúnni. Lónìí, bí ó bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún, lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru tẹ́lẹ̀, ó ti tó láti pe àkíyèsí oníṣègùn. Bí amúaradàgbà bá tún wà nínú ìtọ̀, tàbí tí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí ojú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, àrùn náà ti fìdí múlẹ̀, bí gìrì kò tilẹ̀ tí ì dé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò wúlò níbi tí wọ́n bá ti gbà pé kò sí ohun tí yóò wọ̀n. Ní 1929, Donnison, oníṣègùn ìjọba òyìnbó ní Kenya, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé nínú àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú tí òun tọ́jú ní ọsibítù, òun kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Èrò pé ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ kì í ru wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lára àwọn tí ó fi iṣẹ́ wọn tú u palẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Olújìmí Akínkúgbè ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára adúláwọ̀ jáde ní 1972. Ṣáájú rẹ̀, ní 1967, ni Lawson ti Ìbàdàn àti Stewart gbé ìwé ńlá jáde lórí ìtọ́jú aboyún àti àrùn obìnrin ní ilẹ̀ olóoru. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ń gbé àwọn tí ọ̀ràn wọn bá le lọ. Ọ̀nà náà kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò jìn fún ọlọ́jà lè jìn fún ẹni tí gìrì ń gbé.

4. Níbo ni Àrùn náà ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Bí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru kí gìrì tó dé, ìbéèrè tí ó kàn ni: kí ni ó ń mú un ru? Ní 1916, Zweifel, oníṣègùn ará Jámánì, sọ pé àrùn tí àbá pọ̀ lórí rẹ̀ ni, nítorí pé kò sí onímọ̀ tí kò ní àbá tirẹ̀. A lè kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn àbá náà sí ìsọ̀rí méjì: àbá ibi ọmọ àti àbá ọpọlọ.

Àbá ibi ọmọ ni ó lágbára jù. Yorùbá a máa sọ pé tibi tire ni a ń bí ọmọ; ibi ni oníṣègùn náà di ẹ̀sùn rù. Ẹ̀rí rẹ̀ méjì ṣòro láti já. Èkíní ni pé àrùn náà lè mú obìnrin tí oyún rẹ̀ kò ní ọmọ nínú rárá, tí ó jẹ́ pé ẹran ibi ọmọ nìkan ni ó hù. Èkejì ni pé àrùn náà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í lọ títí ibi yóò fi wálẹ̀. Brosens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1967 àti 1972, fi hàn pé ó yẹ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ fẹ̀ bí oyún ti ń dàgbà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn dáadáa sínú ibi. Lára àwọn tí àrùn yìí mú, àwọn iṣan náà kò fẹ̀ tó. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Boston tọ́ka sí ohun kan tí ibi tí ìyà ń jẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí ó ń ba awọ inú iṣan jẹ́. sFlt-1 ni wọ́n ń pè é.

Àbá ọpọlọ pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní 1895, Oliver àti Schäfer ní London rí i pé bí a bá fún ẹranko ní omi tí a fún láti inú ẹṣẹ́ pituitary, ìyẹn ẹṣẹ́ kékeré tí ó so rọ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ru. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Anselmino àti Hoffmann ní Jámánì sọ pé àwọn rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún tí àrùn yìí mú. Ọ̀rọ̀ wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ó wà nígbà náà láti wọn ohun tí ó kéré bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò dá ni lójú. Nígbà tí Vincent du Vigneaud gba ẹ̀bùn Nobel ní 1955 fún iṣẹ́ tí ó ṣe lórí àwọn họ́mónù ẹṣẹ́ yìí, lára èyí tí vasopressin wà, àwọn oníṣègùn aboyún ti kọjú sí ibòmíràn.

Ọ̀nà tí vasopressin ń gbà ṣiṣẹ́ yẹ ní àlàyé. Apá kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ wà tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Òun ni ó ń ṣọ́ bí omi àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ sí. Bí ó bá rí i pé omi dínkù, yóò rán họ́mónù náà gba inú ẹṣẹ́ pituitary jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni họ́mónù yìí ń jẹ́: ó ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó dá omi dúró, ó sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Iṣan tí ó fún ń béèrè agbára púpọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Agbára yìí ni ẹ̀rọ ń fi hàn. Họ́mónù mìíràn tí ó tún ń fún iṣan, angiotensin, tí kíndìnrín ń fi ọ̀nà rẹ̀ lélẹ̀, a máa kan ọpọlọ lára pẹ̀lú, a sì máa mú kí ó tú vasopressin jáde. Ní 1973, Gant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dallas fi hàn pé ara aboyún tí yóò bí wẹ́rẹ́ kì í ka angiotensin sí. Ṣùgbọ́n ara àwọn tí àrùn yìí yóò mú a ti pàdánù agbára yìí ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn tó ru. Òjò ti ń ṣú kí ẹnikẹ́ni tó gbójú sókè.

Ní 2014 ni àbá ọpọlọ tún gbérí. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà kò wọn vasopressin fúnra rẹ̀, nítorí pé kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wọn copeptin, ìkejì rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń jáde láti ara ohun kan náà, tí ó sì ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ jù ú lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé copeptin ti ga láti ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún lára àwọn tí àrùn náà padà mú. Nígbà tí wọ́n sì ń fún eku tí ó lóyún ní vasopressin díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, amúaradàgbà jò sínú ìtọ̀ rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ sì bàjẹ́ ní irú ọ̀nà tí ó ń gbà bàjẹ́ lára ènìyàn.

Kò yẹ kí a sọ pé àbá kan ti lé èkejì jáde. Eku kì í ṣe ènìyàn, àwọn obìnrin tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì pọ̀ títí. Ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ àti ibi ọmọ jọ ń ti ara wọn. Síbẹ̀, ohun kan yí padà nínú ìtàn náà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí à ń lù ni ọpọlọ: ẹ̀jẹ̀ tí ó ru ni ó ń mú kí omi jò sínú rẹ̀, pàápàá jù lọ apá ẹ̀yìn tí ó wà fún ìríran, ìdí nìyí tí ojú aboyún fi ń ṣú kí gìrì tó dé. Nísinsìnyí, ìbéèrè ti di bóyá ẹni tí à ń lù yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀.

5. Ìtọ́jú kò Dúró de Àbá

Ìtàn ìtọ́jú fi hàn pé a lè gba ẹ̀mí là kí á tó mọ ìdí àrùn tán. Ní Rọ́ṣíà, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Stroganoff ń fi aboyún tí gìrì mú sí yàrá tí ó ṣókùnkùn, tí kò sí ariwo, ó sì ń fún un ní oògùn oorun. Ní 1906, Horn ní Jámánì dán iyọ̀ magnesium sulphate wò. Láàrin 1925 sí 1926, Lazard àti Dorsett ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́. Pritchard ní Dallas ni ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó lónìí: gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì, lẹ́yìn náà 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń lo diazepam. Àfi ní 1995, nígbà tí ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin obìnrin 1,687 fi hàn pé magnesium sulphate dín gìrì àtúnmú kù ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ju diazepam lọ. Ní 2002, ìwádìí mìíràn láàrin obìnrin 10,141 ní orílẹ̀-èdè 33 fi hàn pé bí a bá fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kí gìrì tó dé, gìrì yóò dínkù ní ìdá 58. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí wọ́n mú un wọ ọsibítù mẹ́wàá ní Kánò ní 2008, iye àwọn tí àrùn náà ń pa nínú àwọn tí ó mú lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 2. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí àrùn náà ní Kánò ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ọdún tí ó ṣáájú lọ. Abẹ́rẹ́ ni ó dé.

Oògùn kejì ń sọ̀rọ̀ àkókò. Ní 2017, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù àti ibòmíràn fi hàn pé aspirin kékeré, tí oníṣègùn bá fún obìnrin tí ewu rẹ̀ pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹrìnlá, ń dín àrùn náà kù ní ìdá 62 lára àwọn tí ì bá mú kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Ohun tí ó yẹ kí ó gba àfiyèsí ni ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tí ó bá dé ilé ìwòsàn ní oṣù kẹfà, àkókò oògùn náà ti ré e kọjá, bí oògùn náà tilẹ̀ wà lórí tábìlì tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n.

6. Oyún tí a Fi Pamọ́

Kí ni ó dé tí aboyún kì í fi í tètè dé? Ìdáhùn tí ó yá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́nu jù ni àìmọ̀kan. Ìdáhùn yìí kò tó. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọgbọ́n ni wọ́n ka pípa oyún mọ́ sí. Oyún tuntun rọ̀, ó lè bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ń fẹ́ ire. Ọkọ lè mọ̀, ìyá ọkọ lè fura, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bu ẹnu lù ú. Ojú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, níbi tí aládùúgbò àti orogún lè gbé rí ni, kò yàtọ̀ sí ojú ọjà. Bí oyún bá ti yọ, tí kò sí ohun tí a ó tún fi pamọ́, ìgbà náà ni obìnrin lè jáde lọ forúkọ sílẹ̀. Èyí sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn oṣù kẹrin.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ti bá àṣà yìí pàdé ní ìdajì ọ̀nà. Ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1929 nípa ìtọ́jú aboyún fi ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ sí ọ̀sẹ̀ 16, èkejì sí 24, ẹ̀kẹta sí 28, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé 36, kí ó tó wá di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlànà yìí ni ó tàn kálẹ̀ dé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ìdí tí wọ́n fi kó ìbẹ̀wò jọ sí oṣù ìkẹyìn ni pé ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ń ru. Àwọn tí ó ṣe é fẹ́ mú àrùn náà lójú ọ̀nà. Wọn kò mọ̀ pé ó ti jáde nílé tipẹ́. Nítorí náà, fún ọdún púpọ̀, ìyá àgbà ní agboolé àti nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn fohùn ṣọ̀kan láìmọ̀ pé kò sí ohun tí ó ń ká aboyún lára kí oṣù kẹrin tó dé. Ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìlànà padà, tí wọ́n ní kí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé, kí gbogbo ìbẹ̀wò sì jẹ́ mẹ́jọ. Ilé ìwòsàn ti yí ọkàn padà. Agboolé kò tí ì gbọ́.

Bí ìwádìí ti ọdún 2014 bá wá jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, tí ó sì di ohun tí à ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, ọ̀sẹ̀ kẹfà ni yóò pe obìnrin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, obìnrin púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ tí ì dá ara wọn lójú. Ìlú méjèèjì yìí kò ṣaláìní ilé ìwòsàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ni ó wà, ti Yunifásítì Bowen àti ti Yunifásítì Ladoke Akintola. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ibi tí obìnrin lè wọ̀ kí ayé má mọ ohun tí ó bá wọ ibẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Èrò inú òwe yìí kò takò àṣà ìfoyúnpamọ́, nítorí pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń lépa: kí ewu má bà á dé bá ìyá àti ọmọ. Obìnrin tí ó fi abẹ́rẹ́ há aṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án ti gbà pé a ń dènà ohun tí a kò rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà jẹ́ ohun tí a kò rí. Bí àwọn agbẹ̀bí àdúgbò àti àwọn ìyá ìjọ, tí aboyún ti ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, bá ní ẹ̀rọ tí ó ń wọn ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n darí obìnrin sí ọsibítù, oyún lè wà ní ìkọ̀kọ̀ síbẹ̀ kí ewu rẹ̀ má wà ní ìkọ̀kọ̀.

7. Ìkádìí

Pépà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé òye àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ti rìn láti orí gìrì tí ojú rí, dé orí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ ń wọ̀n, dé inú ibi ọmọ, títí dé orí họ́mónù tí ọpọlọ ń tú jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fa àkókò ìtọ́jú sẹ́yìn. Ó tún fi hàn pé ìtọ́jú tí ó wúlò ti wà nílẹ̀ kí àríyànjiyàn lórí orísun àrùn náà tó parí, àti pé ìlànà ilé ìwòsàn àti àṣà ìlú ni wọ́n jọ fi oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìbojútó.

Nítorí náà, àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ síwájú sí i lórí ìtàn ìlera ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ dúró lórí ọdún tí wọ́n kọ́ ọsibítù àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó yẹ kí wọ́n béèrè oṣù tí obìnrin wọ inú rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fún pé òun lóyún. Ẹni yẹn, yálà ìyá ọkọ, agbẹ̀bí tàbí ìyàwó pásítọ̀, ni ó mọ̀ nípa oyún náà ṣáájú dókítà. Bí kò bá mọ ohun tí orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú túmọ̀ sí, gbogbo ohun tí wọ́n rí ní London, ní Dallas àti ní Iowa kò tí ì dé Ọ̀yọ́.